Àsè Alẹ́ Burns: Ṣé Àlejò Lè Bá Wọn Ṣe É?

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní lọ́dọọdún, àwọn ará Scotland máa ń ṣe àsè alẹ́ fún ìrántí Robert Burns, akéwì tí wọ́n bí ní Alloway lọ́dún 1759. Àwọn kan ní kí àlejò má dá sí i, pé ti onílẹ̀ ni. N kò gbà. Àwọn ọ̀rẹ́ Burns ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1801. Oúnjẹ, ewì àti ọ̀rọ̀ ìyìn ni, kò sí awo níbẹ̀. Fèrè alápò awọ ni wọ́n máa ń fi sin haggis wọlé: ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti fùkù àgùntàn tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n pò mọ́ óòtì àti àlùbọ́sà, tí wọ́n rọ sínú àpòlùkù ẹran. Ẹnì kan á kéwì sí i, á sì fi ọ̀bẹ là á lójú gbogbo èèyàn. Ẹni tó ń jẹ ṣàkì, kí ló fẹ́ kọ̀ níbẹ̀?

Àtakò tó wúwo ni pé lọ́dún 1786, Burns ti múra àtilọ bá àwọn olóko tó ń lo ẹrú ṣiṣẹ́ ní Jàmáíkà. Àṣeyọrí ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́ wà lára ohun tó dá a dúró. Èyí kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò alẹ́ náà ní àyè fún ọ̀rọ̀ nípa ìgbésí ayé rẹ̀, àlejò aláwọ̀ dúdú gan-an ló sì yẹ kó dìde sọ ọ́, ì báà jẹ́ omi ló wà nínú ife rẹ̀ dípò ọtí.