Píkọ́ọ̀pù Tí Ó Dákẹ́ Nínú Ọgbà: Bí Ìdílé Ṣe Lè Jí I Padà

Ẹ wo àyíká yín dáadáa, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí irú rẹ̀: píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tí ó ti dúró sábẹ́ igi máńgòrò láti bí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Gbogbo táyà rẹ̀ ti jò, adìẹ ń yé ẹyin sí ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn ọmọdé sì ti sọ ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí di ibi ìṣeré. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ yìí ni ó ń kó iṣu wálé láti oko nígbà kan, òun ni ó sì kó síméńtì tí wọ́n fi kọ́ ilé tí ó dúró sí ìdí rẹ̀. Nísinsin yìí, bàbá ilé ń rò ó bóyá kí òun tà á fún àwọn tí ń ra irin, tàbí kí òun tún un ṣe.

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ àti owó ẹrù ti ga sókè, ọkọ̀ tókúnbọ̀ pàápàá sì ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé ọ̀pọ̀ ìdílé tún ń yíjú sí ohun tí wọ́n ti ní nílé. Èyí ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà tí ó mú ayọ̀ wọ ilé kan lè mú gbèsè tàbí ọ̀fọ̀ wọ ilé kejì. Ohun tí ó ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ni ètò: kí ni a kọ́kọ́ ṣe, kí ni a sì fi ṣe ìkẹyìn?

ÌDÍ TÍ PÍJÒ FI RỌRÙN FÚN IṢẸ́ ILÉ

Ẹ jẹ́ kí á fi Peugeot 504 ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Píjò. Ọdún 1968 ni 504 kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Faransé; ọdún 1979 ni wọ́n gbé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ jáde. Láti ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Kaduna ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Nítorí èyí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ẹ kò ti ní rí mẹkáníìkì àgbà tí ó mọ̀ ọ́n tinú-tẹ̀yìn. A ṣì ń rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà, ìbáà ṣe ní Ládípọ̀ ní Mushin tàbí ní Gate ní Ìbàdàn.

Èyí tí ó tún wá dára jù ni pé kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀. Kabúrétọ̀ ni ó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, kọ́ńtáàtì ni ó ń pín iná. Ẹni tí ó bá ní sùúrù àti sípánà lè fojú rí ohun tí ó ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ó sọ níhìn-ín wúlò fún píkọ́ọ̀pù àtijọ́ mìíràn tí ó ń lo kabúrétọ̀ pẹ̀lú.

Ẹ JÓKÒÓ ṢÍRÒ NÁ

Kí ẹ tó ra púlọ́ọ̀gì kan ṣoṣo, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta.

Ta ni ó ni ọkọ̀ náà? Bí ó bá jẹ́ ti bàbá tí ó ti sùn nínú Olúwa, kí gbogbo ọmọ fohùn ṣọ̀kan ná. Ọ̀pọ̀ ìjà ẹbí ni ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ jí, nítorí nígbà tí ó dákẹ́, kò sí ẹni tí ó rántí pé òun ní ìpín nínú rẹ̀. Ẹ wá ìwé ọkọ̀ náà jáde, kí ẹ sì ṣe ètò láti yí orúkọ inú rẹ̀ padà.

Báwo ni ṣásí rẹ̀ ṣe rí? Ẹ fi òòlù kékeré kàn án káàkiri. Ibi tí irin bá ti dún gbọnrangandan, ó dára. Ibi tí ó bá ti ń rì wọlé tí ó sì ń ya bí páálí, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán. Bí ṣásí bá ti jẹ ní ibi púpọ̀, ẹ tà á. Kò sí ẹ́ńjìnnì tí ó lè gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ là.

Èló ni ẹ lè ná láì fọwọ́ kan owó ilé ìwé àti owó oúnjẹ? Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe kí ọkọ̀ tó jáde, ohun tí ó lè dúró, àti ohun tí ó jẹ́ fún ẹwà. Ọ̀dà àti ìjókòó tuntun wà ní ọ̀nà kẹta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó fi ẹwà bẹ̀rẹ̀, tí owó sì tán kí wọ́n tó dé ibi tí iṣẹ́ wà.

KÍ ẸNIKẸ́NI TÓ WỌ ABẸ́ ỌKỌ̀

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Jáàkì lè yọ̀, ó sì lè rọlẹ̀ lójijì. Ẹ fi ìtì igi tí ó nípọn tàbí irin ìdúró tì í, kí ẹ sì fi òkúta dí àwọn táyà tí ó kù. Búlọ́ọ̀kù síméńtì kì í ṣe ohun ìdúró, nítorí ó lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ má ṣe fi ẹnu fa epo bẹntiróòlù. Bí ó bá gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ènìyàn. Ẹ tú páìpù epo nísàlẹ̀, kí ó máa dà sínú kẹ́ẹ̀gì, níbi tí kò sí àtùpà, sìgá tàbí jẹnẹrétọ̀ tí ń ṣiṣẹ́.

Ẹ MÁ TÍÌ YÍ KỌ́KỌ́RỌ́

Ibí ni ìkánjú ti ń ba nǹkan jẹ́. A ó gbé bátìrì tuntun dé, a ó yí kọ́kọ́rọ́, a ó sì máa retí àrà. Ṣùgbọ́n nínú ẹ́ńjìnnì tí ó ti pẹ́ láì ṣiṣẹ́, ọ́ìlì ti sàn kúrò lára irin, ìpẹtà sì lè ti lẹ àwọn nǹkan pọ̀. Bí a bá fi agbára yí i, a lè ba ohun tí kò bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ jẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ tẹ̀ lé ètò yìí:

1. Ẹ yọ gééjì ọ́ìlì wò. Bí ọ́ìlì bá funfun bí tíì oní-mílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ dúró, ẹ pe mẹkáníìkì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ da ti àtijọ́ nù, kí ẹ pààrọ̀ fílítà, kí ẹ sì bu tuntun sí i, bí i lítà 4.

2. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ẹ tó yọ wáyà wọn, ẹ fi àmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí 1-3-4-2 ni iná ń tọ̀. Bí wáyà bá ṣì ara wọn, ọkọ̀ kò ní jí. Ẹ kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

3. Ẹ fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú pẹ̀lú ọwọ́. Bí kò bá yí, ẹ má fipá ṣe é. Ẹ tún kán ọ́ìlì sí i, kí ẹ tún dúró.

4. Ẹ da gbogbo epo àtijọ́ nù. Epo tí ó ti pẹ́ máa ń rùn bí ọ̀dà, ó sì ń dí ihò kabúrétọ̀. Ẹ fọ kabúrétọ̀, kí ẹ pààrọ̀ fílítà epo àti àwọn rọ́bà epo tí ó ti sán. Rọ́bà tí ń kán epo sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná ni ó ń dá iná sílẹ̀.

5. Ẹ wo omi rédíétọ̀ àti rọ́bà rẹ̀. Álúmíníọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe orí ẹ́ńjìnnì Píjò. Bí ó bá gbóná jù, ó máa ń tẹ̀, gásikẹ́ẹ̀tì á sì jó.

6. Ẹ nu kọ́ńtáàtì, kí àlàfo rẹ̀ jẹ́ 0.4 mílímítà, ti púlọ́ọ̀gì, 0.6.

Nígbà tí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tán, ẹ gbé bátìrì tí ó kún sí i, kí ẹ yí ẹ́ńjìnnì nígbà tí púlọ́ọ̀gì kò tíì sí nínú rẹ̀, títí iná ọ́ìlì yóò fi kú. Ìgbà náà ni kí ẹ dá púlọ́ọ̀gì padà, kí ẹ sì jí i ní gbangba. Èéfín rẹ̀ nínú yàrá tí a tì ń pa ènìyàn. Bí ó bá kọ̀ láti jí, ẹ rántí pé ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ń fẹ́: epo, iná, àti agbára láti fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Ẹ wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

BÍRÉÈKÌ ṢÁÁJÚ ERÉ

Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá jí ni ewu gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ilé á pariwo ayọ̀, ẹnìkan á sì fẹ́ gbé e jáde sí títì. Ẹ má gbà. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi yìí sì ń jẹ irin láti inú wá. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì náà, ẹ tú àwọn ìlù ẹ̀yìn wò, kí ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà bíréèkì tí ó ti le tàbí tí ó ń jò. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bí ẹsẹ̀ bá ń rì lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń jò níbìkan.

Ẹ wo ara táyà pẹ̀lú. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tí ó ti gbó lè bẹ́ lójú ọ̀nà, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ṣì nípọn.

A máa ń gbàdúrà sí ọkọ̀ kí ó tó jáde, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àdúrà kò sọ pé kí á má yẹ bíréèkì wò.

IṢẸ́ ỌMỌ ÀTI IṢẸ́ MẸKÁNÍÌKÌ

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe lé àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè máa kó bóòtù sínú agolo mílíìkì, kí ó sì kọ orúkọ ibi tí ó ti wá sí i lára. Ó lè di ìwé ìnáwó mú, kí ó fojú ara rẹ̀ rí bí owó ṣe ń lọ. Ọ̀dọ́ lè nu púlọ́ọ̀gì, kí ó sì fọ kabúrétọ̀. Ọmọ tí ó bá rí bàbá rẹ̀ tí ó ń tún bóòtù kan náà tú nígbà mẹ́ta láì bínú, ó ti kọ́ ohun tí ẹnu kò lè kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ẹ fi jíjó irin ṣásí, orí ẹ́ńjìnnì àti àyẹ̀wò bíréèkì ìkẹyìn sílẹ̀ fún ẹni tí ó kọ́ṣẹ́. Owó tí ẹ san fún un kì í ṣe òfò. Ẹ jẹ́ kí ìrìn àkọ́kọ́ mọ sínú ọgbà, kí ó máa rìn bí ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn, láì gbé ẹrù, láì gbé ọmọ. Ẹ gba ìwé ìyẹ̀wò àti ìwé adójútòfò rẹ̀ kí ó tó kan títì.

Bí ó bá gba oṣù mẹ́fà, kí ó gbà á. Ọkọ̀ tí kò bá tíì lè dúró dáadáa kò tíì yẹ ní gbígbé jáde.