Jẹjẹrẹ Méjì, Iṣẹ́ Abẹ Kan

Bí dókítà bá sọ pé jẹjẹrẹ wà nínú ìfun ńlá, tó tún ní òun rí òmíràn lára kíndìnrín, ohun tí gbogbo ẹbí máa ń rò ni pé àrùn náà ti tàn káàkiri ara. Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Jẹjẹrẹ méjì lè bẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ara ẹnì kan ṣoṣo, kí ọ̀kan má bá èkejì tan rárá. Àwòrán inú ara àti àyẹ̀wò ẹran ara ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, torí èyí tó dá dúró, tí a tètè rí, ṣeé yọ kúrò pátápátá. Ti kíndìnrín kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ CT ya àwòrán ikùn nítorí ìfun ni wọ́n máa ń ṣèèṣì bá a pàdé.

Ní 1985, Erich Mühe ní Jámánì yọ àpò òróòro láì la ikùn gbọọrọ. Ní 1990, Ralph Clayman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú St. Louis, Amẹ́ríkà, gba ihò kéékèèké yọ odidi kíndìnrín. Láti ibẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń ronú pé, bí ihò bá ti wà lára aláìsàn, kí ló dé tí a ò fi ṣe iṣẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà?

Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n á kun aláìsàn lóorun. Wọ́n á fẹ́ gáàsì sínú ikùn rẹ̀ kí ó lè wú, kí ààyè sì wà. Wọ́n á ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ihò kan, irinṣẹ́ á wọ inú àwọn yòókù, ojú wọn á sì wà lára tẹlifíṣọ̀n. Oníṣẹ́ abẹ kíndìnrín á ṣe tirẹ̀, ti ìfun náà á ṣe tirẹ̀. Ohun tí wọ́n bá gé á gba ojú kan tí wọ́n fẹ̀ díẹ̀ jáde, nínú àpò, kí jẹjẹrẹ má baà ta sára ibòmíràn. Ìrora máa ń dín kù, aláìsàn sì máa ń tètè gbádùn débi tó lè bẹ̀rẹ̀ oògùn jẹjẹrẹ tó kù.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló tọ́ sí. Iṣẹ́ náà máa ń pẹ́, ẹni tí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò lágbára lè má lè fara dà á. Ní Nàìjíríà, wọ́n ti ń gba ihò kéékèèké yọ àpẹ́ńdíìsì àti àpò òróòro ní ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ti jẹjẹrẹ méjì lẹ́ẹ̀kan náà tún nílò ọ̀jọ̀gbọ́n méjì, irinṣẹ́ olówó gọbọi, àti iná tí kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú. Àpò ẹbí ló sì ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í tètè dé ibẹ̀. Wọ́n á rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, wọ́n á pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, wọ́n á máa mu àgbo láti oṣù dé oṣù. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ tàbí nínú ìtọ̀, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá sì rí nǹkan méjì, kí ẹ tó bú sẹ́kún, ẹ bi dókítà pé: “Ṣé ọ̀kan ló tàn dé ibi èkejì ni, àbí kálukú ló dá tirẹ̀ wá?”