Àwọn Roma, Àwọn Travellers àti Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè Yúróòpù

Roma ni orúkọ ẹ̀yà kan tó fọ́n káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù, tí a fojú bu iye wọn sí mílíọ̀nù 10 sí 12. Láti apá àríwá Íńdíà ni àwọn baba ńlá wọn ti ṣí wá ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, èdè wọn, Romani, sì bá èdè Híńdì tan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ rò pé Íjíbítì ni wọ́n ti wá. Ibẹ̀ ni orúkọ náà Gypsy ti jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kà sí èébú. Àwọn Travellers ilẹ̀ Áyálándì kì í ṣe Roma rárá. Ọmọ ilẹ̀ Áyálándì gan-an ni wọ́n, ìjọba ibẹ̀ sì gbà wọ́n ní ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ní ọdún 2017. Ìyà tó jọra ló mú kí àwọn àjọ Yúróòpù máa dárúkọ wọn pọ̀.

Ó yẹ kí olùtumọ̀ ṣọ́ra níhìn-ín. Bí a bá pe gbogbo wọn ní "alárìnkiri", a ó ṣi òǹkàwé lọ́nà, nítorí ọ̀pọ̀lọpọ̀ Roma ló ti fìdí kalẹ̀ sójú kan láti ìran dé ìran. Ní Wallachia àti Moldavia, ẹrú ọba, ẹrú ìjọ àti ẹrú àwọn ọlọ́lá ni wọ́n títí di ọdún 1855 àti 1856.

Kí ló dé tí orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo kò fi lè dá ọ̀rọ̀ wọn yanjú? Ní ọdún 2007, Románíà àti Bùlgáríà wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, àwọn Roma ilẹ̀ méjèèjì sì lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn nínú àjọ náà. Ní ọdún 2010, ìjọba Faransé wó ọ̀pọ̀ àgọ́ wọn, ó sì dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sílé. Ṣùgbọ́n òṣì àti ìkórìíra tó lé wọn kúrò nílé ṣì ń dúró dè wọ́n níbẹ̀, òfin kan náà tó gbé wọn dé Faransé kò sì tíì parẹ́.

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún yẹn kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè inú Ìgbìmọ̀ Yúróòpù fẹnu kò lórí ìkéde kan ní Strasbourg. Lójú tiwa, èso rẹ̀ tó dára jù ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn alárinà: àwọn tó gbọ́ èdè Roma tí wọ́n sì mọ àṣà wọn, tí wọ́n ń dúró láàárín agbo ilé àti ilé-ìwé tàbí ilé-ìwòsàn, kí olùkọ́ má baà ka ìtìjú ọmọ sí agọ̀, kí ìyá má sì bẹ̀rù láti wọlé béèrè ọ̀rọ̀.

Àwọn ìjọba kan ti kọ́kọ́ ṣe ètò ọlọ́dún mẹ́wàá, láti 2005 sí 2015, lórí ẹ̀kọ́, iṣẹ́, ìlera àti ilé gbígbé. Ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan tó wà lójú iṣẹ́ báyìí yóò dé ọdún 2030. Ìmọ̀ràn ló pọ̀ jù nínú wọn. Ètò ilé-ìwé ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan.

Ilé-ẹjọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ré kọjá ààlà tipátipá. Ní ìlú Ostrava, ní orílẹ̀-èdè Czech, wọ́n ń kó àwọn ọmọ Roma lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kò pé. Àwọn 18 nínú wọn gbé ẹjọ́ náà dé Ilé-ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg. Ìjọba ní àwọn òbí fọwọ́ sí i. Wọ́n kọ́kọ́ pàdánù ẹjọ́ ní 2006, àmọ́ ní ọjọ́ 13 oṣù Bélú, 2007, ìgbìmọ̀ àgbà ilé-ẹjọ́ náà dá wọn láre, ó ní kò sí òbí tó lè fọwọ́ síwèé pé kí a máa fi ẹ̀yà ọmọ òun yà á sọ́tọ̀. Yúrò 4,000 ni wọ́n ní kí a san fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láàárín 1985 sí 1991 ni a bí àwọn ọmọ náà. Nígbà tí ìdájọ́ fi jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dàgbà kọjá ilé-ìwé.