Ṣúgà tó gbé oró pọ̀n nínú ẹ̀gẹ́

Láti Ìfọ̀ dé Àgbàdo, títí dé Mòwé àti Ìbàfò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, bí o bá bi ẹni tó ń yan gààrí léèrè ohun tó ń pa oró ẹ̀gẹ́, á ní kíkan ni. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Linamarin ni orúkọ oró náà. Ṣúgà glúkóòsì ló so mọ́ èròjà kan tó lè bí sáyánáìdì. Bí ṣúgà yẹn bá ṣì wà lára rẹ̀, ó sùn jẹ́jẹ́. Inú àpò omi tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ni ẹ̀gẹ́ ń tọ́jú rẹ̀ sí. Linamarase, ẹ́ńsáìmù tó lè já ṣúgà náà kúrò, wà ní tirẹ̀ lára ògiri sẹ́ẹ̀lì. Àwọn méjèèjì ń gbé ilé kan náà, wọn kì í fojú kanra. Ọjọ́ tí eku bá gé ẹ̀gẹ́ jẹ ni ògiri wó, tí sáyánáìdì sì jáde sí i lẹ́nu.

Ohun tí eku ṣe ní kékeré ni ẹ̀rọ ìrin ń ṣe ní ńlá. Ní 1959, Collard àti Levi kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń mú ẹ̀gẹ́ rírin kan ní ipele méjì, wọ́n sì ka kíkan yẹn sí ohun tó ń tú oró ká. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé láàárín wákàtí díẹ̀ tí wọ́n bá ti rin ín, ẹ́ńsáìmù ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti já púpọ̀ nínú linamarin. Kíkan tilẹ̀ máa ń dá èyí tó ṣẹ́ kù dúró díẹ̀ kó má tètè di sáyánáìdì. Jáàkì tó ń fún omi rẹ̀ àti iná abẹ́ agbada ló ń parí iṣẹ́, nítorí sáyánáìdì kò le: ní nǹkan bí ìwọ̀n 26 Sẹ́síọ́ọ̀sì ló ti ń di afẹ́fẹ́. Ìlànà Codex, àjọ ìlànà oúnjẹ àgbáyé, ni pé kí sáyánáìdì má ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kílò gààrí kan.

Ti fùfú yàtọ̀. Odidi ẹ̀gẹ́ là ń rẹ, kò sí ẹ̀rọ tó wó ògiri. Níbẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti gba iṣẹ́ ṣe lóòótọ́: wọ́n ń jẹ ohun tó di ògiri sẹ́ẹ̀lì mú, ẹ̀gẹ́ á rọ̀, ọ̀tá méjèèjì á sì pàdé. Ẹni tó bá rẹ ẹ́ fún ọjọ́ kan péré kò tíì jẹ́ kí wọ́n pàdé.

Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn rí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kú tipiri, tí ojú àti etí wọn ń kọṣẹ́. Oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ lójoojúmọ́, ó sì fura sí sáyánáìdì inú rẹ̀. Wọ́n wádìí ọ̀ràn náà ní Òsósà, ìlú Hubert Ògúndé, ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà. Nígbà tí àwọn mìíràn padà síbẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, àìsàn náà ṣì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan kò gbà pé sáyánáìdì ló fà á. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ni pé ara ń lo èròjà sọ́fọ̀ (imí-ọjọ́) inú oúnjẹ bí ẹ̀wà àti ẹja láti sọ sáyánáìdì di ohun tí a lè tọ̀ dànù. Ẹni tó ń fi ẹ̀wà mu gààrí kò ṣì í.