Bí Tókìn Ṣe Gba Ipò Páásíwọ́ọ̀dù

Ní Zaria, ìlú Zazzau, ìlú Amina ọmọ Bakwa Turunku, ìlú tí odi àti bodè rẹ̀ ti lókìkí kí ọkọ̀ ojú irin tó dé ibẹ̀, kò sí ilé tó ń ra iná sínú mítà tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ tókìn: nọ́ńbà 20 tí a ń tẹ̀ kí iná tó wọlé, tí kò wúlò fún mítà ẹlòmíràn, tí kò sì ṣeé lò lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n tókìn mìíràn wà tí ojú wa kì í rí, tó ń kọjá láàárín ẹ̀rọ àti ẹ̀rọ lọ́pọ̀ ìgbà tí a bá fi fóònù rán owó tàbí tí a fi wo èsì ìdánwò. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, pẹ̀lú ti ẹ̀rọ kékeré tó ń bí i, èyí tí ẹni tó jókòó sí yàrá kan ní Samaru, létí ọgbà Yunifásítì Ahmadu Bello tí a dá sílẹ̀ ní 1962, lè gbé kalẹ̀ lónìí láìní sáfà kan ṣoṣo, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó máa ń dá àwọn áàpù lóhùn.

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ń ràkòrò, bí o bá fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kan bá ọ ṣa orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ nínú ímeèlì rẹ, páásíwọ́ọ̀dù ímeèlì náà gan-an ni wọn yóò ní kí o kó lé àwọn lọ́wọ́, wọn a sì lágbára láti ka gbogbo lẹ́tà rẹ, kódà láti tì ọ́ mọ́ta. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀; àwa fúnra wa la ń la ògiri náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2006 ni Blaine Cook, tó ń ṣiṣẹ́ ní Twitter nígbà náà, àti Chris Messina, pẹ̀lú Larry Halff ti ìkànnì Ma.gnolia, forí korí lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Wọ́n rí i pé kò sí ìlànà kankan tí gbogbo ayé jọ ń lò láti fi yọ̀ǹda apá kan ohun ìní ẹni fún áàpù mìíràn. Ìlànà tí wọ́n pilẹ̀ rẹ̀, OAuth, tó ń fún áàpù ní tókìn dípò páásíwọ́ọ̀dù, jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2007. Ní 2009 a rí ihò kan lára rẹ̀, a dí i. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012 ni OAuth 2.0 dé, òun ló sì gbòde títí di òní.

Ohun tí wọ́n ṣe yìí kò ṣàjèjì sí ìran wa. Ìránṣẹ́ ọba tó dé ẹnu bodè kì í gbé adé ọba dání. Àmì ọba ló ń mú lọ́wọ́, oníbodè tó bá sì mọ àmì náà dáadáa kì í tún ránṣẹ́ sí ààfin kó tó ṣílẹ̀kùn.

Tókìn ni àmì náà lóde òní; ẹ jẹ́ kí a wò ó fínnífínní. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní JWT, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, jẹ́ ọ̀wọ́ lẹ́tà gígùn kan tí àmì ìdánudúró méjì pín sí mẹ́ta, tí lẹ́tà tó ṣáájú níbẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ eyJ. Apá kìíní ń sọ irú ìbuwọ́lù tí a lò. Èkejì ń sọ ẹni tó ni tókìn, ohun tí a gbà á láyè láti ṣe, àti ìgbà tí agbára tókìn náà yóò pin. Ẹ̀kẹta ni ìbuwọ́lù fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè tú apá méjì àkọ́kọ́ kà, nítorí náà ẹni tó bá kó àṣírí sínú wọn ti tú ara rẹ̀ síta. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá yí ohun tó wà níbẹ̀ padà, ìbuwọ́lù kò ní bá a mu mọ́, a ó sì lé e padà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ń fún tókìn ní wákàtí kan péré, mo sì ka èyí sí ọgbọ́n àgbà, torí bí olè bá tilẹ̀ jí i, kò ní pẹ́ tí yóò fi di ohun àìwúlò lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń pèsè tókìn kò pọ̀. Áàpù kan yóò mú orúkọ àti àṣírí rẹ̀ wá. Ẹ̀rọ yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá èyí tó wà nípamọ́ mu. Yóò kọ tókìn, yóò buwọ́ lù ú, yóò fi lé e lọ́wọ́, ó tán. Síbẹ̀, fún iṣẹ́ bíńtín yìí, ẹni tó fẹ́ ṣe é láyé àtijọ́ ní láti ra sáfà tàbí kí ó yá a, kí ó sì máa tanná fún un tọ̀sán-tòru, bí ẹnikẹ́ni ń pè é tàbí wọn kò pè é. Ní Zaria, níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí epo jẹnẹrétọ̀ ń gbé owó mì, ìnáwó náà kì í jẹ́ kí a dábàá rẹ̀ rárá. Oṣù Kọkànlá ọdún 2014 ni Amazon kéde Lambda, irú ètò tí àwọn onímọ̀ wá ń pè ní serverless: kí oníṣẹ́ kọ kóòdù rẹ̀ nìkan, kí ó gbé e fún wọn, kóòdù yóò máa sùn, bí ẹnì kan bá ké sí i yóò jí, yóò jẹ́ iṣẹ́ náà, yóò sì padà sùn. Iye ìpè àti àkókò tó fi wà lójúfò ni wọ́n ń gbowó lé lórí, ìpè mílíọ̀nù kan àkọ́kọ́ lóṣù sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Òótọ́ ni pé ìpè tó jí i lójú oorun a máa falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ ní Samaru, tí bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká oníṣẹ́ náà sì kú, tókìn rẹ̀ ṣì ń jáde fún ẹni tó ń béèrè rẹ̀ ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ìjọba àpapọ̀ pàápàá ti tọ ọ̀nà tókìn yìí. Láti oṣù Kìíní ọdún 2022 ni NIMC, àjọ tó ń ṣàkóso ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ti gbé e kalẹ̀ pé, dípò kí ènìyàn máa pín NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oní-díjíìtì 11 tó jẹ́ tirẹ̀ títí ayé, káàkiri Sabon Gari àti Tudun Wada ní Zaria, kí ó gba òmíràn tó ní àmì 16, tó wà fún ẹni tó béèrè rẹ̀ nìkan, tí agbára rẹ̀ yóò sì pin lẹ́yìn wákàtí 72. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń fi ẹ̀dà ìwé NIN wa sílẹ̀ níbi gbogbo tí wọ́n bá ti béèrè rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Samaru àti ní Kongo ti Zaria, kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀rọ yín fi ń buwọ́ lu tókìn ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú kóòdù tí ẹ ó gbé sórí GitHub. Ibi ìpamọ́ àṣírí tí ilé-iṣẹ́ tó ń gbé kóòdù yín pèsè ni kí ẹ fi í sí. Bí ó bá sì bọ́ síta, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú kan péré, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.