Bí Kòkòrò Àrùn Ṣe Ń Wọ Ògiri Ìfun: Ọ̀rọ̀ Omi ní Marine Beach àti Ajégúnlẹ̀

Ilẹ̀ tí ó lọ láti afárá Marine Beach ní Àpápá títí wọ inú Ajégúnlẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ àbàtà, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju omi ọ̀sà lọ, débi pé ẹni tí ó bá gbẹ́ kànga níbẹ̀ kì í pẹ́ kan omi, ẹni tí ó bá sì gbẹ́ ṣáláńgá kì í pẹ́ kàn án bákan náà. Èkó Akéte, àrómisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, omi yí i ká tọ̀tún-tòsì. Síbẹ̀ kẹ́ẹ̀gì àwọn mẹ́ruwà tí ń ta omi kiri ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń ná owó lé lórí kí wọ́n tó mu omi. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù keje, nígbà tí àgbàrá òjò bá so ṣáláńgá pọ̀ mọ́ kànga, ni kí olúkúlùkù ṣọ́ra jù fún ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti ìgbẹ́ ọ̀rìn, kí ó sì se omi títí yóò fi hó kí ó tó mu ún.

Salmonella Typhi ni orúkọ kòkòrò ibà jẹ̀funjẹ̀fun, tí a tún ń pè ní táífọ́ìdì. Karl Eberth, ará Jámánì, ni ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1880. Kò sí ewúrẹ́ tàbí adìẹ tí ń gbé e kiri. Ara ọmọ ènìyàn nìkan ni ibùgbé rẹ̀, èyí ni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá kó o, ẹ̀gbin láti ara ọmọ ènìyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó bá omi tàbí oúnjẹ wọ ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà korò létí, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Omi kíkan inú agbẹ̀du a pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò náà. Àwọn tí ó bá yè a dé ìsàlẹ̀ ìfun kékeré. Ògiri tí wọ́n bá níbẹ̀ kò nípọn rárá: ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni, tí a tò mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, tí omi yíyọ̀ bò, tí àwọn kòkòrò rere tí Ẹlẹ́dàá fi jíǹkí wa ti gba ibùjókòó lórí rẹ̀, tí ara sì ń sọ ọ́ di ọ̀tun láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Kòkòrò yìí a máa mú kí ògiri tí ó dá ṣáṣá lanu fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tín-ń-tín wà lára rẹ̀ tí ó fi ń gún sẹ́ẹ̀lì, tí ó fi ń rọ èròjà sí i nínú, títí ara sẹ́ẹ̀lì náà yóò fi ru sókè, tí yóò sì gbé àlejò burúkú náà mì.

Ọ̀nà mìíràn wà, òun ni ó sì yà mí lẹ́nu jù. Lórí àwọn kókó kéékèèké ara ìfun tí Johann Conrad Peyer, oníṣègùn ilẹ̀ Switzerland, kọ̀wé nípa wọn ní 1677, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa bu díẹ̀ nínú ohun tí ń kọjá fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ara kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnu ọ̀nà àwọn ẹ̀ṣọ́ gan-an ni ọ̀tá ń gbà. Ẹ̀ṣọ́ a gbé e mì láti pa á, kòkòrò a kọ̀ kò kú. Inú ẹ̀ṣọ́ yìí ni yóò fara pamọ́ sí dé ẹ̀dọ̀ àti mùdùnmúdùn egungun, tí yóò bí sí i níbẹ̀, tí yóò sì bá òróòro padà sínú ìfun láti tún kọlu àwọn kókó náà, títí ìfun yóò fi lè lu ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta àìsàn.

Kòkòrò ìgbẹ́ ọ̀rìn, tí Kiyoshi Shiga ará Japan rí ní 1897, kò nílò púpọ̀: àwọn tí kò tó ọgọ́rùn-ún lè dá àgbàlagbà dùbúlẹ̀. Ó ń pa ẹ̀ṣọ́ tí ó gbé e mì, ó ń gba ẹ̀yìn ògiri wọ sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń ti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì láì jáde síta. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi ń bá ìgbẹ́ jáde. Kòkòrò onígbáméjì, tí ó dé Èkó ní ìparí ọdún 1970, kì í wọ ògiri ní tirẹ̀. Orí rẹ̀ ni ó ń jókòó sí tí ó ń tu oró, ògiri sì ṣì lè fa omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a bá fún aláìsàn mu.

Ní àdúgbò wa, ìdánwò ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní Widal, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ti tó kí wọ́n pe ibà ní táífọ́ìdì. Láti 1896 ni ìdánwò yẹn ti wà, a sì máa ṣini lọ́nà. Gbígbin ẹ̀jẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò ni ó ṣeé gbára lé jù ú lọ. Àwọn mìíràn wà tí ara wọn ti yá tí kòkòrò ṣì wà nínú àpò òróòro wọn fún ọdún púpọ̀, nítorí náà kí ẹni tí ń se oúnjẹ tà tí ó ti ṣe ibà yìí rí lọ fi ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò. Aláìsàn tí ibà ti mú fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, tí inú rẹ̀ wá ṣàdédé le gbagidi tí ó sì ń ké ìrora, iṣẹ́ abẹ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí a gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá.