Ọkọ̀ turbo tó ń kọ̀ láti sítáàtì láàárọ̀: Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó lọ ra pátì ní Agbogbloshie

Òtútù wo ló wà ní Accra tí ọkọ̀ fi máa kọ̀ láti sítáàtì láàárọ̀? Ìlú tí ojú ọjọ́ kì í sábà já wálẹ̀ kọjá 20°C, níbo ni wàhálà òtútù ti fẹ́ wọ ibẹ̀?

Lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì, òtútù kò ní í ṣe pẹ̀lú yìnyín. Ọkọ̀ tó bá sùn mọ́jú, tí omi inú rẹ̀ wà ní 25°C, ti tutù nìyẹn, nítorí nǹkan bí 90°C ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Epo bẹntiróòlù kì í tètè di afẹ́fẹ́ nínú irin tútù. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box, fi máa ń fún un ní àfikún epo nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́.

Àfikún yìí gan-an ló máa ń dàrú nínú ọkọ̀ turbo tí wọ́n ti pààrọ̀ nǹkan sí lára.

Ibi tí pátì ti ń wá

Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n àlòkù ni ọ̀pọ̀ èèyàn lágbàáyé fi mọ Agbogbloshie, tó wà létí odò Odaw ní Accra. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ibẹ̀ dáadáa mọ̀ pé wọ́n ń tú ọkọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní oṣù Keje, ọdún 2021, ìjọba wó ibi tí wọ́n ti ń tú irin náà, wọ́n sì kó àwọn tó ń ta àlùbọ́sà lọ sí Adjen Kotoku. Iṣẹ́ títú ọkọ̀ kò parẹ́. Ó kàn fọ́n ká sí àwọn àdúgbò tó yí ibẹ̀ ká ni, bíi Old Fadama. Ọjà pátì ọkọ̀ ní Abossey Okai náà kò jìnnà. Ẹni tó bá ti ná ọjà Ládípò ní Mushin rí, ojú rẹ̀ kò ní ṣàjèjì níbẹ̀.

Ohun rere ni ọjà báyìí fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra tuntun. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé pátì kì í sọ ìtàn ara rẹ̀. Ọkọ̀ kan lè máa lo nọ́sù tó wá lára Subaru, pọ́ǹpù epo tó wá lára Toyota, àti sẹ́nsọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ orírun rẹ̀. Bí gbogbo wọn kò bá gbọ́ ara wọn yé, àárọ̀ ni àṣírí máa ń tú.

Ẹ má tíì bú turbo

Turbo ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń fura sí, torí òun ni orúkọ rẹ̀ ń dún. Èéfín tó ń jáde látinú ẹ́ńjìnnì ló ń yí i. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì gbiná, èéfín wo ló fẹ́ yí i? Turbo tó ti gbó lè máa tú èéfín aláwọ̀ búlúù, ó lè máa mu ọ́ìlì, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ òun ló ní kí ọkọ̀ má sítáàtì.

Sẹ́nsọ̀ kékeré tó ń ka ìgbóná omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Bó bá purọ́ pé omi ti gbóná dé 80°C, brain box kò ní fi epo kún un, ẹ́ńjìnnì á kàn máa yí lásán. Bí wáyà rẹ̀ bá já, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà máa kà á sí òtútù -40°C, bí ẹni pé Siberia ni ọkọ̀ wà, wọ́n á sì da epo bò ó.

Kò ná yín ní nǹkan kan láti yẹ èyí wò. Ẹ fi ẹ̀rọ kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ní ìdájí, kí ẹ tó sítáàtì rárá. Ìgbóná omi àti ti afẹ́fẹ́ tó ń wọlé gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, torí inú òtútù kan náà ni àwọn méjèèjì ti sùn. Bí ọ̀kan bá sọ 26, tí èkejì sọ 61, ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ nọ́sù ló le jù. Ká ní nọ́sù tí wọ́n ṣe mọ́ ọkọ̀ ń fọ́n 440cc epo láàárín ìṣẹ́jú kan, tí ẹ wá fi èyí tó ń fọ́n 850cc rọ́pò rẹ̀ kí ọkọ̀ lè lágbára. Bí wọn kò bá sọ fún brain box, àkókò kan náà ló ṣì máa fi ṣí i, epo tó ń wọlé á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ ó gbóòórùn epo, púlọ́ọ̀gì á sì tutù fún epo.

Àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń tún un ṣe. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan péré lóòjọ́ ni ẹ́ńjìnnì lè sítáàtì látinú òtútù gidi, oníbàárà ò sì fẹ́ fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ á ṣe dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, ó di ọjọ́ kejì kó tó kọ̀ nílé.

Àwọn nǹkan mìíràn

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná ti ń tàn, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, ẹ pa á, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọkọ̀ bá gbiná lójú ẹsẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, epo tó wà nínú páìpù ló ń sá padà mọ́jú. Ẹ yẹ pọ́ǹpù àti nọ́sù tó ń jò wò.

Bátìrì tó kún máa ń fi nǹkan bíi 12.6 volt hàn. Bó bá já wálẹ̀ kọjá 9.6 nígbà tí sítátà ń yí, òun náà wà lára ẹlẹ́ṣẹ̀. Rọ́bà afẹ́fẹ́ tó yọ lẹ́yìn turbo àti púlọ́ọ̀gì tí àlàfo rẹ̀ kéré jù náà lè fa wàhálà.

Bí ọkọ̀ bá gbiná, tó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá kan sí méjì, ó lè má jẹ́ ọ̀rọ̀ òtútù rárá. Brain box àlòkù láti ara ọkọ̀ mìíràn lè má mọ kọ́kọ́rọ́ yín, á sì pa ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó mú olè. Volkswagen mọ iṣẹ́ yìí dáadáa.

Ẹ má máa yí sítátà ṣáá o. Epo tí kò jóná á fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri inú ẹ́ńjìnnì, á ṣàn sínú ọ́ìlì, á sì sọ ọ́ di omi. Ọ́ìlì yìí kan náà ló ń gbé irin turbo, èyí tó lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Báyìí ni wàhálà sẹ́nsọ̀ kékeré ṣe ń di ríra turbo mìíràn. Bí epo bá ti yó o, ẹ tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá bí ẹ ti ń yí i: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á dá nọ́sù dúró kí epo lè gbẹ.

Bó bá pọn dandan kí ẹ ra sẹ́nsọ̀ àlòkù, ẹ mú mítà rewáyà dání. Ní 20°C, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń wà láàárín 2,000 sí 3,000 ohm. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó. Tó bá jẹ́ nọ́sù ni, ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́jú.